Ewúrẹ́ Tí Ìyá Rẹ Fi Dúró Dè Ọ́

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Karùn-ún, 1985.

Olúyọmí ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ṣé ara rẹ le? Ara tèmi le níwọ̀n bí ara àgbàlagbà tí kò rí ẹni bá jà nínú ilé ṣe lè le mọ. Matilda àbúrò ìyá rẹ ni ó ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má ṣe bu ṣúgà sí i. Ó ní kí n kọ́kọ́ béèrè ẹ̀kọ́ lọ́yà rẹ. Ó dára, mo béèrè. Ọdún keje rèé tí o ti ń kọ́ ọ. Ẹni tó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ òfuurufú ì bá ti kọ́ ọ tán, kó sì fi èyí tó kàn gbé ara rẹ̀ wálé.

Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni mo bá wá. O mọ̀ pé lọ́jọ́ tí o lọ, bí ìyá rẹ ṣe nu ojú rẹ̀ tán, ọjà Òkè-Àjẹ ló gbà lọ. Ó ra abo ewúrẹ́ kékeré kan, ó sọ ọ́ ní Dúródè. Ó ní ọjọ́ tí o bá padà dé ni a ó pa á fi gbà ọ́ lálejò, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kí ọjọ́ náà tó pé. O ní ọdún mẹ́ta ni o máa lò. Àwọn ewúrẹ́ tó bá a jáde lọ́jà lọ́jọ́ yẹn ti di ọbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Òun nìkan ló ṣì wà láyé, nítorí pé ìwọ kò wá. Bí ewúrẹ́ bá ń gbàdúrà, mo mọ ẹni tí ó ń dárúkọ níwájú Ọlọ́run pé kí wọ́n dá dúró sí òkè òkun.

Ní oṣù Kọkànlá tó kọjá, ìyá rẹ lọ. O kò wá sin ín. O kọ̀wé pé ìdánwò ni. Mo gbọ́.

Dúródè tún ti lóyún. Ikùn rẹ̀ rí bíi pé ó gbé ìkòkò mì. Ìyá rẹ ló máa ń mójú tó o bó bá bímọ, èmi kò dá sí i rí. Oko obì ni mo mọ̀; ewúrẹ́, ti ẹni tó wà nílé ni. Bí ẹran yìí bá kú mọ́ mi lọ́wọ́, ìlérí ìyá rẹ kú nìyẹn, mi ò sì fẹ́ kí a tún sin nǹkan mìíràn nínú ilé yìí. Bá mi bi àwọn òyìnbó tó wà lọ́dọ̀ rẹ ohun tí a ń ṣe sí ewúrẹ́ tó ń fọ́mọ lọ́mú, àti ohun tó yẹ kó máa jẹ. Ìwọ ló kàn. Nítorí tìrẹ ló ṣe wà láyé.

Ìrántí ọdún kan ìyá rẹ ń bọ̀ ní oṣù Kọkànlá. Mi ò ní kí o wá. Mo kàn sọ oṣù tó bọ́ sí ni.

Èmi ni bàbá rẹ,
Albert Adébùsọ́lá.


Exeter,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún, 1985.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àìrẹ́ni-bá-jà. Àǹtí Matilda, ẹ kú iṣẹ́ ìwé o. Ẹ jọ̀ọ́, bí Bàbá kò bá wò yín, ẹ bu ṣúgà díẹ̀ sí i fún mi.

Ẹ máa rí i pé àdírẹ́sì mi ti yí padà. Mo kó kúrò ní London wá sí ẹ̀bá ìgbèríko. Afẹ́fẹ́ ibí dára fún ẹni tó ń kàwé.

Ní ti Dúródè: ẹ wá ibi gbígbẹ tí òjò kò lè dé fún un, kí ẹ da koríko sílẹ̀ níbẹ̀. Bó bá bí tán, ẹ jẹ́ kó lá àwọn ọmọ náà fúnra rẹ̀, ẹ má gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá, èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ló ṣe pàtàkì jù: wàrà tó máa kọ́kọ́ jáde máa ki, á sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ má ṣe fún un dànù. Òun ni oògùn tí ìyá fi ń ránṣẹ́ sínú ara ọmọ. Kí gbogbo wọn mu ún kíákíá, kí ẹ sì gbé èyí tó bá kéré jù sídìí ọmú. Nígbà mìíràn nǹkan kan bí ìda máa ń dí orí ọmú. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka kejì rọra pa á láti òkè wá sílẹ̀, ẹ má ṣe fà á, á bọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ fún ìyá ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ní ti ìrántí ìyá mi, mò ń gbìyànjú. Ìwé ló pọ̀ lọ́rùn mi.

Ọmọ yín,
Olúyọmí.


Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹfà, 1985.

Olúyọmí,

Mo kí ọ. Lẹ́tà rẹ dé. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dára púpọ̀. Ì bá dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ká ní ó dé kí ewúrẹ́ tó bímọ.

Inú òjò ló bí wọn sí, mẹ́ta. Èmi àti Ràmọ́tà alákàrà tí a jọ ń lo ògiri kan la dúró tì í. Bí wàrà pípọ́n yẹn ṣe yọ, Ràmọ́tà ní, "Bàbá, èyí kò mọ́ o. Ẹ jẹ́ ká fún un dànù kí ọmọ tó fẹnu kàn án." Èmi náà gbà, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe fún abiyamọ nílé tèmi nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi àgbà ṣe fún ìyá rẹ nígbà tó bí ọ, o sì yè, o sì lókun tó láti sá lọ sí London. La bá di Dúródè mú, a fún gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, a fi omi tọ́ àwọn ọmọ náà lẹ́nu. Àwọn méjì tó lágbára kò gbọ́ tiwa, wọ́n já lọ bá ìyá wọn. Èyí tó kéré jù gbọ́ tiwa. Ó jókòó jẹ́ẹ́. Kò dìde mọ́.

Mo sin ín sí ẹ̀yìn ilé. Ilẹ̀ náà kò tíì gbẹ tí onílẹ́tà fi dé. Matilda ń kà á lọ, nígbà tó dé "ẹ má ṣe fún un dànù," ó wojú mi. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

Mo tún ṣe nǹkan mìíràn. Kí wàrà lè wá dáadáa, mo fún Dúródè ní ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀ àti lálẹ́, bí a ti ń fún abiyamọ. Ó gbádùn rẹ̀. Nígbà tó yá ikùn rẹ̀ wú, ó le kankan, ó ń kérora bí ẹni tó jẹ gbèsè. Ó ti rọ̀ díẹ̀ báyìí. Kọ ohun tó yẹ kó jẹ ránṣẹ́, kí o sì yára kọ ọ́.

Ìbéèrè kan wá wà níbẹ̀. Níbo ni lọ́yà ti mọ̀ pé nǹkan bí ìda ń dí orí ọmú ewúrẹ́? Mo ní kí o bi wọ́n. O kò kọ "wọ́n ní." O kọ "ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka kejì rọra pa á láti òkè wá sílẹ̀." Èmi kò mọ̀wé, àmọ́ mo mọ bí ẹni tó ti ṣe nǹkan rí ṣe ń sọ̀rọ̀. Matilda ní kí n má bi ọ́. Mo bi ọ́.

Bàbá rẹ.


Exeter,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Keje, 1985.

Bàbá mi,

Ẹ kú àjálù ọmọ ewúrẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí. Kì í ṣe ẹ̀bi yín, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti Ìyá Alákàrà. Ẹ bá mi kí wọn.

Ní ti ìbéèrè yín, mo ní ọ̀rẹ́ kan níbí tó ń jẹ́ George, tó ń sin ewúrẹ́. Òun ni mo bi.

George ní kí ẹ dá ẹ̀kọ dúró. Inú ewúrẹ́ kì í ṣe inú ènìyàn; ewé ló kọ́kọ́ mọ̀, kí nǹkan mìíràn tó tẹ̀lé e. Ẹ já ewé ìyeyè tó wà lẹ́yìn ilé fún un, àti ewé ọ̀dán, kó jẹ ẹ́ yó kí ẹ tó fún un ní ohunkóhun. Èèpo ẹ̀gẹ́ dára, àmọ́ ẹ sá a sóòrùn títí á fi máa dún bí ẹ bá ń fọ́ ọ. Tútù rẹ̀ lè pa á. Èèpo ẹ̀wà tí Ìyá Alákàrà ń dà nù, òun gan-an ni wàrà. Ẹ fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, nítorí ìyípadà òjijì ló wú u níkùn lẹ́ẹ̀kan. Kí omi má gbẹ níwájú rẹ̀ rárá. Omi ló ń di wàrà; ewúrẹ́ tí òùngbẹ ń gbẹ, ọmọ rẹ̀ ló ń gbẹ. Kí iyọ̀ wà níbi tó ti lè lá a. Bí àwọn ọmọ bá ti ń fi imú tú ewé ìyá wọn wò, ẹ fi èyí tó rọ̀ síbẹ̀ fún wọn, àmọ́ ẹ má tíì já wọn lẹ́nu ọmú.

Bàbá, mo bẹ̀ yín, bí mo bá wá ní oṣù Kọkànlá, tàbí bí n kò bá wá, ẹ má ṣe pa á. Wàrà á ṣì wà lára rẹ̀.

Olúyọmí yín.


Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹjọ, 1985.

Olúyọmí,

Mo kí ọ, mo sì kí George. Sọ fún un pé ẹnu yà mí sí i. Òyìnbó tí kò dé Ìjẹ̀bú rí, ó mọ Ràmọ́tà, ó mọ̀ pé ó ń da èèpo ẹ̀wà nù, ó sì mọ igi ìyeyè tó wà lẹ́yìn ilé mi. Bí ó bá tún fẹ́ kí n ṣe nǹkan mìíràn, kó bá mi wò ó bóyá òrùlé mi ń jò.

Gbogbo ohun tó ní kí a ṣe la ṣe. Ràmọ́tà ń gbé èèpo ẹ̀wà wá, Matilda ń sá èèpo ẹ̀gẹ́, èmi sì ń gun igi ìyeyè ní ọjọ́ orí mi. Aládùúgbò kan kọjá, ó bi mí pé kí ni mò ń wá lókè níbẹ̀. Mo ní oúnjẹ ọmọ mi. Ewúrẹ́ ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹta, èmi ń jẹ lẹ́ẹ̀kan. Irun rẹ̀ ń dán. Wàrà wá, wàrà wá gan-an. Àwọn ọmọ méjèèjì dàgbà débi pé wọ́n ń fò kọjá lórí mi bí mo bá sùn sí ìloro.

Àṣejù oúnjẹ náà ló wá di wàhálà. Ọkọ̀ akẹ́rù pa ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Ọ̀kan tó kù, apá òsì nìkan ló ń mu. Kò fẹnu kan apá ọ̀tún rí. Ọmú ọ̀tún wú, ó gbóná, ó le bí òkúta. Dúródè kò jẹun láti àná. Bí mo bá sún mọ́ ọn, á ta mí nípàá.

Kàmọ́rù tó ń ra ẹran kiri wá wò ó. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n dú u kó tó kú fúnra rẹ̀. Bó bá kú tán, kò sí ẹni tó máa jẹ ẹ́, ẹ̀yin náà á pàdánù."
Mo ní ẹran náà ní ẹni tó ni ín.
Ó ní, "Ta ni?"
Mo ní ó wà ní òkè òkun.
Ó ní, "Láti ọdún wo?"
Mo bá wọlé.

Ó ní òun á tún padà wá. Bí ìdáhùn rẹ bá pẹ́ bí ti ìṣáájú, ọ̀bẹ rẹ̀ á ti dé kí o tó ra sítáǹbù.

O kọ pé bí o bá wá tàbí bí o kò bá wá, ká má pa á. "Bí o kò bá wá" yẹn, mo gbọ́ ọ.

Bàbá rẹ.


WÁYÀ
Láti Exeter, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹjọ, 1985.

BÀBÁ. Ẹ MÁ JẸ́ KÍ KÀMỌ́RÙ PA Á. Ẹ FI AṢỌ ÀTI OMI GBÍGBÓNÁ LÉ ỌMÚ Ọ̀TÚN. Ẹ FÚN WÀRÀ RẸ̀ JÁDE LÁÀÁRỌ̀ LỌ́SÀN-ÁN LÁLẸ́. LẸ́TÀ Ń BỌ̀. OLÚYỌMÍ.


Exeter,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹjọ, 1985.

Bàbá mi,

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wáyà ránṣẹ́, àmọ́ wáyà kò gba àlàyé. Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì wà láyé bí mo ti ń kọ èyí. Mò ń kọ ọ́ bíi pé ó wà.

Ẹ jókòó sórí àpótí lápá ọ̀tún rẹ̀, kí ẹ fi orí yín ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀; bó bá ti mọ ibi tí ẹ wà, kò ní ta yín nípàá mọ́. Bí ọwọ́ yín bá tutù, ẹ kọ́kọ́ ki í bọ abíyá, nítorí wọn kì í fẹ́ ọwọ́ tútù. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sínú omi gbígbóná lé ọmú náà títí á fi rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka kejì há orí ọmú náà lókè, kí wàrà má lè padà sókè, kí àwọn ìka tó kù wá máa pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan, láti òkè wá sílẹ̀. Ẹ má ṣe fà á láé. Wàrà àkọ́kọ́, ẹ fún un sílẹ̀ kí ẹ wò ó. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀ tàbí tó dì, ẹ má jẹ́ kí ọmọ mu ún, kí ẹ sì pe dókítà ẹran. Kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Àgbà ewúrẹ́ kan wà nínú tèmi níbí tí kì í dúró bí n kò bá kọrin fún un, orin tí ìyá mi máa ń kọ bí wọ́n bá ń gbálẹ̀ ni mo máa ń kọ. Kò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó máa ń dúró.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kó kú. Òun nìkan ló ṣẹ́kù nílé tó ń dúró dè mí.

Olúyọmí.


Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ ogún, oṣù Kẹsàn-án, 1985.

Olúyọmí ọmọ mi,

Mo kí ọ. O kọ pé òun nìkan ló ṣẹ́kù nílé tó ń dúró dè ọ́. Mo gbọ́. Matilda ní o kò ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo gbọ́.

Dúródè wà láyé. Wáyà rẹ kọ́ ló gbà á là. Nígbà tí wáyà fi máa dé, ìjà ti parí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lọ́jọ́ kejì tí mo fi lẹ́tà sílẹ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, mo rántí ọ̀rọ̀ tí o kọ ní ìbẹ̀rẹ̀: láti òkè wá sílẹ̀, ẹ má ṣe fà á. Lẹ́tà tó pẹ́ jù fún ọmọ kékeré yẹn, kò pẹ́ fún ìyá rẹ̀. Mo gbé àpótí, mo jókòó tì í. Ó ta mí nípàá, mo padà. Ó tún ta mí, mo tún padà. Ìyá rẹ náà le bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Ní ìgbà kẹta, wàrà tú sí mi lójú.

O mọ̀ pé ní ìlú yìí, láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, kò sí Ìjẹ̀bú tó jókòó sídìí ewúrẹ́ tó ń fún un ní wàrà. Ká pa á, ká jẹ ẹ́, ká tà á, a gbà. Bí mo ṣe forí ti ẹ̀gbẹ́ ẹran báyìí ni Kàmọ́rù yọ tòun ti ọ̀bẹ. Ó wò mí, ó fi ọ̀bẹ sápò, ó figbe ta: "Ẹ wá wo Bàbá Olúyọmí o! Bàbá ti di Fúlàní!" Gbogbo àdúgbò tú jáde. Ràmọ́tà fi àkàrà sílẹ̀ sínú epo kó máa jóná, ó wá. Ẹnì kan ní ọ̀fọ̀ ló ń dà mí lórí rú, kí wọ́n ránṣẹ́ pe ẹbí mi. Matilda fi gèlè bojú.

Mo ní, "Kí lẹ ń wò? Iṣẹ́ tí ọmọ mi ń ṣe ní òkè òkun nìyí. Wàrà ewúrẹ́ ló ń fún."

Olúyọmí, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹlòmíràn jókòó sílẹ̀. Ràmọ́tà ní, "Ẹ gbọ́ Bàbá! Lọ́yà odindi!" Wọn kò gbà mí gbọ́. Nítorí náà, ohun tí o ti ń sá fún láti ọdún wọ̀nyí wá, tí kò jẹ́ kí o wá sin ìyá rẹ, mo ti sọ ọ́ níta gbangba, lójú ọ̀sán, lójú gbogbo àdúgbò. Ẹ̀rín ni wọ́n fi gbà á. Lẹ́yìn náà wọ́n padà lọ sídìí iṣẹ́ wọn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò bi ọ́ nípa lọ́yà mọ́. Mi ò sì tún fẹ́ gbọ́ orúkọ George.

Ọmú náà ti rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti sanra, ó ń jẹ ewé bíi tàgbà, àmọ́ apá ọ̀tún yẹn kò fẹnu kàn án síbẹ̀; àgídí rẹ̀ jọ ti ẹnì kan tí mo mọ̀. Nítorí náà èmi ni mò ń fún un. Wàrà ń pọ̀. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi ṣe. Matilda sè é, mo bù ú sí gààrí. Kò burú. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá rẹ ní ọjọ́ tí o bá dé ni a ó pa á. Ìyá rẹ kò mọ̀ pé ẹran yìí á ní wàrà tó báyìí, kò sì mọ ẹni tó máa mọ bí wọ́n ti ń fún un. Nínú àwa méjì tí ìlérí náà wà lọ́wọ́ wa nínú ilé yìí, èmi ló kù, mo sì ti yí i padà. Mo ti sọ fún Kàmọ́rù kó bá mi so òbúkọ kan mọ́lẹ̀ de oṣù Kọkànlá. Ẹran tí a ó pa nìyẹn. Ewúrẹ́ ti bọ́ nínú ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ìwọ àti èmi. Kò tún sí ẹni tó ń jẹ àǹfààní pé o kò wá.

Bí o bá ń bọ̀, má wọ kóòtù wá sídìí ewúrẹ́. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, Dúródè sì mọ̀. Ó ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí nípàá. Mo kọrin ìgbálẹ̀ ìyá rẹ fún un bí o ti wí. Èmi kò mọ ìparí rẹ̀. Ibi tí mo bá dé tí mo dákẹ́, ibẹ̀ náà ló ti máa ń gbé ẹsẹ̀.

Matilda ní kí n fi ọ̀rọ̀ dídùn parí ìwé yìí. Mo ní kó kọ èyí: mo ti sọ tèmi tán. Bí o bá tún ní àwáwí, ewúrẹ́ ni kí o kọ ọ́ sí. Matilda á kà á fún un, èmi á sì bá ọ wo ojú rẹ̀.

Bàbá rẹ,
Albert Adébùsọ́lá.